Àgbájọ Ọwọ́ Ni Àwọ̀n: Èrò Lórí Kíkọ́ni Ní Iṣẹ́ Ọdẹ Ní Ìbàdàn

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Àyà tí ènìyàn ń fọwọ́ lù ni òwe náà ń sọ, kì í ṣe ọ̀yà inú igbó. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń fi àwọ̀n mú ọ̀yà yóò gbà pé bí etí bá tilẹ̀ ṣi òwe náà gbọ́, òtítọ́ kò sọnù níbẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo lè yin ìbọn. Ẹnì kan ṣoṣo lè dẹ tàkúté. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè na àwọ̀n gígùn sí etí pápá, kí ó tún lọ sí òdì kejì láti lé ẹran wọ inú rẹ̀.

Iṣẹ́ ọdẹ jẹ́ ọ̀kan lára àwọn iṣẹ́ ìsẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nínú ẹ̀kọ́ Yorùbá. Bí olùkọ́ bá dé orí rẹ̀, ohun tí ó sábà máa ń kọ sójú pátákó ni ìbọn, ọfà, àpò ọdẹ, oògùn, ajá, Ògún àti ìjálá. Gbogbo ìwọ̀nyí ló tọ́. Àwọ̀n kì í sábà sí láàárín wọn. Bí ó bá sì wà, gbólóhùn kan péré ni yóò jẹ́. Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé àbùkù gidi ni èyí jẹ́ fún ẹ̀kọ́ náà. Ní apá ibi tí ó jẹ́ tuntun nínú ìlú Ìbàdàn, bíi Bódìjà, Àgbòwó, Dùgbẹ̀, Ring Road àti Challenge, àwọ̀n ni ó yẹ kí olùkọ́ fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọdẹ, kí ó tó mẹ́nu ba ìbọn rárá.

Ta Ni Ọdẹ Lójú Ọmọ Bódìjà?

Bí ènìyàn bá bi ọmọ tí wọ́n bí sí Bódìjà tàbí Ring Road pé ta ni ọdẹ, ó ṣeé ṣe kí ó dáhùn pé ẹni tí ń ṣọ́ àdúgbò lóru ni. Ọmọ náà kò purọ́. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àwọn ọdẹ ti ń ṣọ́ ìlú, orúkọ náà sì ti bá iṣẹ́ ṣíṣọ́ ilé wọ ìgboro. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2020, nígbà tí wọ́n ṣí ètò ààbò Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn fún àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà, àwọn ọdẹ wà lára àwọn tí gbogbo ènìyàn gbójú lé. Díẹ̀díẹ̀, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà ń kúrò lórí ẹni tí ó mọ igbó, ó ń bọ́ sórí ẹni tí ó gbé ìbọn lọ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀ sì ni orúkọ ìlú yìí fúnra rẹ̀ kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ ọdẹ. Ẹ̀bá Ọ̀dàn ni wọ́n ń pè é kí ó tó di Ìbàdàn. Ibi tí igbó ti pàdé pápá ni, irú ilẹ̀ tí ọ̀yà fẹ́ràn jù lọ. Kí Yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1948 tó kó wá sí ọ̀kánkán Àgbòwó, kí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ilé Bódìjà ní nǹkan bí ọdún 1959, oko àti igbó ni ó wà ní apá ibẹ̀. Owó kòkó ni wọ́n fi kọ́ Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, èyí tí wọ́n parí ní ọdún 1965. Ìlú tuntun yìí jẹ gbèsè oko àti igbó púpọ̀ ju bí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ ti rò lọ.

Ará ìlú kò tíì ṣíwọ́ jíjẹ ẹran ìgbẹ́. Wọ́n ń rà á lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú iyán àti ọbẹ̀ ata nílé olóúnjẹ. Ohun tí wọ́n ti ṣíwọ́ ni bíbéèrè bí wọ́n ṣe mú un. Nínú kíláàsì kan náà, ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń dẹ ìgbẹ́ ní apá Akínyẹlé tàbí Ọ̀nà Àrà lè jókòó ti ọmọ tí kò rí ọ̀yà rí àfi nínú àwo ọbẹ̀. Ọmọ ọdẹ náà mọ ohun tí ó wà nínú ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà ju olùkọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó dákẹ́, nítorí pé bí ó bá sọ̀rọ̀, wọn yóò pè é ní ará oko. Bí olùkọ́ kò bá mọ ohun tí ó yẹ kí ó bi í, ìmọ̀ náà yóò kú sí i nínú.

Ọ̀yà àti Àwọ̀n

Ọ̀yà kì í gbẹ́ ihò bíi ti òkété. Inú koríko gíga bí eèsún, etí odò, àti ìtòsí oko ìrèké, àgbàdo tàbí ẹ̀gẹ́ ni ó ń gbé. Òru ni ó sì máa ń jẹun jù. Àgbà akọ rẹ̀ lè wọ̀n ju kílógíráàmù 4 lọ dáadáa. Ojú ọ̀nà kan náà ni ó máa ń tọ̀ lábẹ́ koríko títí ọ̀nà náà yóò fi dà bí ihò tí wọ́n gbẹ́ sínú ewé. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yóò wo pòròpórò koríko tí eyín ọ̀yà gé, yóò wo imí bóyá ó ṣì tutù, yóò wo ojú ẹsẹ̀ lórí ẹrẹ̀, yóò sì mọ̀ bóyá ẹran ṣì wà nínú pápá náà tàbí ó ti lọ. Ìwé kíkà ni èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú igbó ni wọ́n ti ń kà á.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni iṣẹ́ àwọ̀n dára jù, nígbà tí koríko ti gbẹ tí àgbẹ̀ sì ti kórè. Àwọ̀n náà kò ga púpọ̀; gígùn ni agbára rẹ̀. Bí ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá so àwọ̀n wọn pọ̀, yóò dí apá kan pápá pátápátá. Okùn tí wọ́n fọwọ́ lọ́ láti ara èèpo igi àti ọ̀gbọ̀ ni wọ́n fi ń hun ún tẹ́lẹ̀. Okùn náílọ́ọ̀nù ni ó gbòde lónìí. Wọn kì í fà á le. Bí ó bá le jù, ẹran yóò kọlù ú, yóò sì ta padà sẹ́yìn. Wọ́n ń jẹ́ kí ó dẹ̀ díẹ̀ lórí èèkàn kí ó lè wé mọ́ ẹran lára. Okùn ìsàlẹ̀ sì gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀, nítorí pé ibi tí ọ̀yà lè rá gbà ni yóò kọ́kọ́ wá.

Afẹ́fẹ́ ni àgbà nínú wọn yóò wò kí wọ́n tó kan èèkàn kankan. Àwọ̀n gbọ́dọ̀ wà ní ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ, kí òórùn àwọn tí ó ba síbẹ̀ má baà dé imú ẹran. Lẹ́yìn náà ni àwọn yòókù yóò bọ́ sí òdì kejì pẹ̀lú ọ̀pá, ariwo àti ajá tí wọ́n so ṣaworo mọ́ lọ́rùn. Wọn kì í sáré. Wọ́n á tò lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n á máa lu koríko, wọ́n á máa súnmọ́ ara wọn bí wọ́n ti ń lọ. Bí ẹnì kan bá ya àyè sílẹ̀, ibẹ̀ ni ẹran yóò gbà jáde. Àwọn tí ó wà nídìí àwọ̀n kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, wọn kò gbọdọ̀ wúkọ́. Ọ̀yà yóò súfèé, yóò fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lulẹ̀, yóò gbá ojú ọ̀nà rẹ̀ àtijọ́ mú, ọ̀nà náà ni yóò sì gbé e wọ inú àwọ̀n.

Nígbà tí ẹran bá bọ́ sínú àwọ̀n, ó ṣì wà láàyè. Orí kókó yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ dúró lé. Ẹni tí ó wà nídìí àwọ̀n láǹfààní láti wo ohun tí ó mú kí ó tó gbé kùmọ̀. Oyún ọ̀yà ń tó nǹkan bí oṣù márùn-ún kí ó tó bí, ọmọ díẹ̀ ni ó sì ń bí lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ó bá pa aboyún rẹ̀ ti jẹ nínú ẹran ọdún tí ń bọ̀. Bí ó bá jẹ́ akíka ni ó kó sínú àwọ̀n, ó ṣeé tú sílẹ̀, ó sì yẹ kí wọ́n tú u, nítorí pé láti ọdún 2016 ni àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé ti pinnu pé kí òwò akíka láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn dópin. Ìbọn kì í fún ọdẹ ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ìbọn bá ti dún ni ọdẹ tó ń lọ wo ohun tí ó pa, ìgbà mìíràn a sì jẹ́ ènìyàn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ehoro Kan, Ìlú Méjì

Ọ̀rọ̀ ehoro yẹ kí ó mú olùkọ́ èdè ronú. Orúkọ kan náà ni Yorùbá ń pe ehoro inú ọ̀dàn àti ehoro funfun tí wọ́n gbé wá láti òkè òkun, èyí tí wọ́n ń sìn nínú àgò. Ṣùgbọ́n ẹran méjì ni wọ́n. Ehoro ọ̀dàn kì í gbẹ́ ihò. Ńṣe ni ó ń lúgọ sínú koríko. Èyí tí ó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gbẹ́ ihò, wọ́n sì ń gbé pọ̀ níbẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ará oko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá fẹ́ fi àwọ̀n gígùn mú ehoro, òru ni wọ́n ń lọ. Wọn yóò na àwọ̀n sí àárín ihò àti pápá tí àwọn ehoro ti ń jẹun, wọn yóò sì dẹ́rù bà wọ́n láti ẹ̀yìn. Bí ehoro bá ti ń sá relé ni yóò kó sọ́wọ́ wọn. Àwọ̀n kan náà ni, ṣùgbọ́n ìwà ẹran ni ó pinnu bí wọ́n ṣe ń dẹ ẹ́. Olùkọ́ tí ó bá fi àwòrán ehoro ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni ní iṣẹ́ ọdẹ Yorùbá láìṣe àlàyé ti fi ọ̀rọ̀ Yorùbá kọ́ni ní igbó ẹlòmíràn.

Ohun mìíràn ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó yẹ ní rírántí. Ní ọdún 1953 ni àrùn kan tí ń pa ehoro dé ibẹ̀, ó sì pa èyí tí ó ju 9 lọ nínú ehoro 10. Ó ṣòro fún iṣẹ́ àwọ̀n láti dúró bí ti tẹ́lẹ̀ nígbà tí ẹran fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bí ẹran bá lọ, ìmọ̀ tí ó rọ̀ mọ́ ọn kì í pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ní igbó Ituri ní orílẹ̀-èdè Kóńgò, níbi tí Colin Turnbull ti gbé láàárín àwọn Mbuti kí ó tó kọ ìwé rẹ̀ ní ọdún 1961, àwọ̀n ni ó so àwọn ìdílé pọ̀. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Wọn a tò wọ́n mọ́ ara wọn bí ààbọ̀ òṣùpá nínú igbó. Ọkùnrin a dúró nídìí àwọ̀n, obìnrin àti ọmọdé a sì máa lé ẹran bọ̀. Olùkọ́ tí ó bá gbọ́ èyí kò ní sọ fún àwọn ọmọbìnrin inú kíláàsì mọ́ pé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọdẹ kò kàn wọ́n.

Ẹni tí ó bá rò pé ọdẹ Yorùbá gbọ́dọ̀ dá nìkan wà kí ó tó jẹ́ akọni, ẹ jẹ́ kí ó padà lọ wo *Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀* tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní ọdún 1938. Lóòótọ́, Àkàrà-ògùn dá wọ igbó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ di ti ìlú, tí ọba rán an lọ sí Òkè Láńgbòdó, kò dá lọ. Ó kó àwọn akọni jọ, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹ̀bùn tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ kíláàsì ń rántí ìrìn méjì àkọ́kọ́, wọ́n sì ń gbàgbé ohun tí ẹ̀kẹta ń kọ́ni.

Ohun Tí Ó Wà Nínú Àwo Ọbẹ̀

Àwọn tí ń ra ẹran ni ó ń pinnu irú ọdẹ tí yóò máa dẹ̀gbẹ́. Láti ọdún 1978 tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ẹran ìgbẹ́ ti di ọjà tí àwọn arìnrìn-àjò ń rà lójú ọ̀nà. Ẹni tí ó ń rà á láti inú ọkọ̀ kì í bèèrè ju iye owó lọ. Nítorí náà, ọ̀nà tí ó bá yá jù ni ó ń borí.

Àwọn kan ń ti iná bọ pápá. Iná kì í mọ ààlà. Ó ń jó oko, ó ń jó ìgbín, ó ń jó ẹyin ẹyẹ, ó sì ń sọ ilẹ̀ di òfìfo. Àwọn mìíràn ń fi oògùn apakòkòrò sínú oúnjẹ tí ẹran fẹ́ràn. Èyí ni ó burú jù, nítorí pé májèlé tí ó pa ẹran kò bá ẹran kú. Ó lè bá a dé inú ìkòkò, kí ó sì bá ọbẹ̀ dé ẹnu ọmọ. Ìtìjú ńlá ni fún ìlú tí ó kún fún ilé-ẹ̀kọ́ bí Ìbàdàn pé olóúnjẹ kò lè sọ, oníbàárà kò sì bèèrè, bóyá àwọ̀n ni ó mú ẹran ọbẹ̀ ni tàbí májèlé. Ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré oògùn apakòkòrò DDVP lọ́jà. Òfin dára, ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n bá ti kọ́ láti bèèrè ni yóò mú òfin náà dé ilé ìdáná.

Àtakò àti Èsì

Àwọn kan yóò sọ pé àwọ̀n pàápàá lè pa igbó run. Òótọ́ ni. Bí ojú àwọ̀n bá kéré jù, yóò kó àgbà, yóò kó ọmọ. Bí wọ́n bá sì ń padà sí pápá kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò ní ku ẹran kankan níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí wọ́n kọ́ni ní àwọ̀n pẹ̀lú òfin rẹ̀: kí ojú rẹ̀ fẹ̀, kí wọ́n fún pápá ní ìsinmi, kí wọ́n tú ohun tí kò tọ́ sílẹ̀. Ó lè wu ọdẹ aláwọ̀n láti rú òfin wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ó láǹfààní láti pa wọ́n mọ́. Ẹni tí ó da májèlé sínú oúnjẹ kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ mọ́.

Àwọn mìíràn yóò mẹ́nu ba àrùn. Ní oṣù Agẹmọ ọdún 2014 tí àrùn Ebola dé Èkó, títí di ogúnjọ́ oṣù Ọ̀wàrà tí wọ́n kéde pé ó ti kúrò ní Nàìjíríà, ọjà ẹran ìgbẹ́ kú fún ọ̀pọ̀ olùtajà. Ìbẹ̀rù náà nídìí. Ṣùgbọ́n kíkọ́ni ní iṣẹ́ kan yàtọ̀ sí pípolówó rẹ̀. Inú ẹ̀kọ́ yìí gan-an ni olùkọ́ ti lè sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ he ẹran tí ó kú fúnra rẹ̀, pé kí wọ́n máa fọ ọwọ́, kí wọ́n sì máa se ẹran jinná. Ẹni tí kò bá tilẹ̀ fẹ́ kí wọ́n máa dẹ ìgbẹ́ mọ́ lè fi ọ̀sìn ọ̀yà ṣe àpẹẹrẹ, bí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ní àwọn ọdún 1980. Kò sí ẹni tí yóò sin ọ̀yà dáadáa láìkọ́kọ́ mọ ìwà rẹ̀ nínú igbó.

Àtakò kẹta ni pé àyè kò sí nínú iṣẹ́ sáà. Ṣùgbọ́n àyè kan náà tí wọ́n fi ń to orúkọ ìbọn àti oògùn ni wọ́n lè fi ṣe èyí, èrè rẹ̀ yóò sì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ohun Tí Ó Yẹ Ní Ṣíṣe

Àkọ́kọ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ni gbé àwọ̀n wọ pápá ilé-ẹ̀kọ́ nígbà ìdánrawò ìkọ́ni. Kò gba owó púpọ̀: okùn díẹ̀, èèkàn díẹ̀, àti ọmọ tí ó pọ̀. Kí àwọn kan ba, kí àwọn kan lé, kí ẹnì kan ṣe ọ̀yà. Láàárín ogún ìṣẹ́jú, àwọn ọmọ yóò ti mọ ìyàtọ̀ láàárín *dẹ* àti *lé*, láàárín *ba* àti *lúgọ*, láàárín *ká* àti *sé*. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni èdè ọdẹ pọ̀ sí jù, ọ̀rọ̀-ìṣe kì í sì yéni dáadáa lójú pátákó lásán. Láti ibẹ̀ ni olùkọ́ yóò ti mú wọn dé orí àkànlò èdè bíi pé kí ènìyàn *kó sínú àwọ̀n*.

Èkejì, kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà tí ó yí ìgboro Ìbàdàn ká, ìyẹn Akínyẹlé, Ẹgbẹ́dá, Ìdó, Lágelú, Olúyọ̀lé àti Ọ̀nà Àrà. Kí wọ́n jókòó ti àwọn àgbà ọdẹ, kí wọ́n gba orúkọ oríṣiríṣi àwọ̀n, orúkọ koríko, òfin pípín ẹran láàárín aláwọ̀n, alájá àti àwọn tí ó lé e, pẹ̀lú ẹ̀ka èdè tí wọ́n fi ń sọ ọ́. Fóònù ọwọ́ wọn tó láti gba ohùn sílẹ̀. Ìwé tí Adébóyè Babalọlá gbé jáde ní ọdún 1966 fi hàn bí ìmọ̀ ẹran igbó ṣe jinlẹ̀ tó nínú ìjálá. Iṣẹ́ tí ó kù ni láti ṣe irú ìkójọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹnu iṣẹ́ àwọ̀n, kí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n tó tán.

Ẹ̀kẹta, tí ó sì ṣe pàtàkì jù, kí olùkọ́ wá ọmọ tí ó dákẹ́ nínú kíláàsì rí. Kí ó pe bàbá rẹ̀ tàbí ìyá rẹ̀ wá gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ọjọ́ kan. Ọjọ́ tí ọmọ Bódìjà bá rí i pé bàbá ọmọ Akínyẹlé ni olùkọ́ ń tẹ́tí sí, orúkọ náà, ará oko, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yí ìtumọ̀ padà.

Ìgúnlẹ̀

Wọ́n ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ìlú tí ń gbilẹ̀ lójoojúmọ́ lè má gbọ́ fèrè náà mọ́ láàárín ariwo ọkọ̀ ní Challenge àti Dùgbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n gbé èdè lé lọ́wọ́ kò ní àwáwí. Àgbà ọdẹ mọ igbó, ọmọ rẹ̀ mọ̀ díẹ̀, olùkọ́ mọ èdè, kọ́lẹ́ẹ̀jì sì mọ bí wọ́n ṣe ń kó ìmọ̀ jọ. Ẹsẹẹsẹ ni iṣẹ́ náà, bíi ti àwọn tí ń lu koríko bọ̀ láti òdì kejì pápá. Ibi tí ẹnì kan bá ti ya àyè sílẹ̀ ni ẹran yóò gbà jáde.